Bí Wọ́n Ṣe Ń La Ọ̀nà Mọ́tò Tó Jọ Ojúlówó Sẹ́bàá Rélùwéè Kékeré

Láàárín àwọn Òyìnbó, kì í ṣe ohun ìyanu pé kí àgbàlagbà kọ́ rélùwéè kékeré sínú yàrá ilé rẹ̀. Wọn a tẹ́ pátákó, wọn a to irin lé e, wọn a kọ́ ilé, wọn a gbin igi, wọn a sì la ọ̀nà mọ́tò sí i. Ọ̀nà mọ́tò yìí ló máa ń tú àṣírí ọ̀pọ̀ wọn, nítorí ẹni tó kun pátákó ní dúdú, tó wá fa ìlà funfun sí àárín rẹ̀, kò tíì la ọ̀nà kankan.

Ká ní ẹnìkan fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí nípa ilẹ̀ Ìwó, kí ọ̀nà Olúpọ̀nnà sì wà nínú rẹ̀. Ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó wọ Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba ilẹ̀ Ìwó kọjá dé Òṣogbo ní 1907. Nítorí náà, ọdún tí onítọ̀hún fẹ́ fi hàn ni kó kọ́kọ́ mú. Bó bá jẹ́ ayé ọkọ̀ ojú irin tó ń rú èéfín ní ìbẹ̀rẹ̀ ló wù ú, ọ̀nà ilẹ̀ pupa ni kó ṣe. Irọ́ gbáà ni ọ̀nà ọlọ́dà yóò jẹ́ níbẹ̀.

Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé ni HO, èyí tó dín ohun gbogbo kù sí ìdá kan nínú 87. Irin HO tí wọ́n sábà ń tà, tó jẹ́ milimita 16.5, bá ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 mu, nítorí milimita 1435 ni àlàfo tìyẹn. Ti Ìwó kò ju 1067 lọ. Irin milimita 12 ló yẹ ẹ́, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe rélùwéè orí òkè Siwisaláǹdì ń rà. Ọ̀nà ọlọ́dà tó fẹ̀ ní mita 7.3 yóò di milimita 84, ọkọ̀ akẹ́rù tó fẹ̀ ní mita 2.5 yóò di 29, ènìyàn tó ga ní mita 1.7 kò sì ní ju 20 lọ.

POP tí àwọn oníṣẹ́ àjà ilé ń pò dára fún ojú ọ̀nà. Kí àárín rẹ̀ ga díẹ̀ ju etí lọ, bí ọ̀nà gidi ti rí, kí òjò lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Bó bá gbẹ, kí wọ́n fi sáńpépà fá a. Ọ̀dà tuntun nìkan ló dúdú. Oòrùn ti sọ èyí tó pọ̀ jù lórí ọ̀nà wa di aláwọ̀ eérú, nítorí náà kí pẹ́ńtì funfun wọ inú dúdú dáadáa. Kí wọ́n fi ọ̀bẹ jẹ etí ọ̀nà ní wúruwùru, kí wọ́n gbẹ́ kòtò díẹ̀, kí eruku pupa sì wà nínú wọn.

Eruku yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Kò sí ìdí láti ra èyí tí wọ́n ń tà nínú ike lókè òkun nígbà tí yangí kún ilẹ̀ wa. Kí wọ́n gún un, kí wọ́n sì fi asẹ́ èlùbọ́ tó kúnná jù lọ sẹ́ ẹ, nítorí hóró yanrìn milimita 1 lójú ọ̀nà HO dà bí òkúta tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 9. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé òòfà gba orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Irin wà nínú ilẹ̀ pupa. Bí èyí tí òòfà lè fà bá kù síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré náà yóò fà á mọ́ra, yóò sì bàjẹ́. Gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà, tí wọ́n fi omi là, tí wọ́n kán ọṣẹ díẹ̀ sí, ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ọ̀nà ti dábùú irin ló le jù. Kí ohun tí wọ́n fi dí àárín irin má ṣe ga tó orí irin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ yóò há. Kí àlàfo tó lé díẹ̀ ní milimita 1 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin kọ̀ọ̀kan, nínú, fún etí tó yọ lára ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ tán, kí wọ́n fi aṣọ nu orí irin méjèèjì, nítorí ibẹ̀ ni iná tó ń gbé ọkọ̀ rìn ń gbà, eruku díẹ̀ sì tó láti dá a dúró.