Boycott Kọ́ Ló Dá Odì Yíyàn Sílẹ̀

Bí olóṣèlú kan bá ti ní ẹgbẹ́ òun yóò bọ́íkọ́ọ̀tì ìbò, ẹnì kan á sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá: onílẹ̀ òǹrorò kan ń jẹ́ Boycott ní Ireland, Parnell, olóṣèlú kan níbẹ̀, ní kí gbogbo ayé yàn án lódì, bẹ́ẹ̀ ni àṣà yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ inú ìtàn yìí ò pọ̀.

Boycott kì í ṣe onílẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti Norfolk ni, tó ń bá Lord Erne, tó ni ilẹ̀, gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Mayo ní Ireland. Nígbà tí Parnell sọ̀rọ̀ ní Ennis lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 1880, kò dárúkọ ọkùnrin yìí rárá. Ẹni tó bá lọ gba oko tí wọ́n lé ẹlòmíì kúrò lórí rẹ̀ ló ní kí wọ́n pa tì: kí wọ́n má kí i lójú ọ̀nà, kí wọ́n má bá a dá nǹkan pọ̀ lọ́jà, kí wọ́n sá fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá.

Àwọn ará Mayo ló gbé ìyà náà ka orí Boycott. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Parnell, ẹni tó ń bá Boycott pín ìwé ìlénikúrò dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, wọ́n sì fi ẹrẹ̀ lé e lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ Boycott fi oko sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ò ṣiṣẹ́ fún un mọ́, alágbàfọ̀ ò fọ aṣọ rẹ̀, wọ́n dẹ́rù ba ọmọ tó ń gbé lẹ́tà rẹ̀, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ò sì tajà fún un. Àádọ́ta èèyàn ló wá láti Cavan àti Monaghan láti bá a kórè, àwọn ṣójà àti ọlọ́pàá sì yí wọn ká. Wọ́n ní nǹkan bí £10,000 ni ìjọba ná lórí irè oko tí kò ju £500 lọ. Ẹ wo ìnáwó!

Orúkọ náà gan-an, James Redpath, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé Fadá John O'Malley ló dábàá rẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń wá ọ̀rọ̀ tí tálákà á tètè gbọ́. Ẹni tí wọ́n yàn lódì ló wá di orúkọ odì; bí ẹnì kan bá gbọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́, á rò pé òun ló ń yan èèyàn lódì.

Ẹnì kan lè ní kò sí ohun tó jọ ọ́ ṣáájú. Ó wà. Lẹ́yìn tí ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì kọ àbá tí aṣòfin Wilberforce gbé wá láti fòpin sí òwò ẹrú lọ́dún 1791, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Britain kọ̀ láti ra ṣúgà tí ẹrú ṣe ní West Indies. Ọdún 1832 ni wọ́n tó bí Boycott.