Àárẹ̀ Ọkàn àti Pípẹ́ Lẹ́nu Eré Láàárín Àwọn Sárésáré Ọ̀nà Jíjìn

Àárẹ̀ ọkàn ni pé kí sárésáré jí láàárọ̀, kí ẹsẹ̀ má dùn ún, kí ara rẹ̀ má gbóná, síbẹ̀ kó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì kó máa wo bàtà, kí wíwọ̀ rẹ̀ di iṣẹ́ ńlá. Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Thomas Raedeke, tó ṣèwádìí nípa àwọn òmùwẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1997, to àmì rẹ̀ sílẹ̀: ara àti ọkàn á rẹ̀, ẹni náà á gbà pé òun kò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́, eré tó fẹ́ràn á sì sú u. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló le jù, nítorí ìsinmi máa ń wo rírẹ̀, àmọ́ kì í sábà wo sísú.

Máratọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ dá kún un. Àwọn ògbóǹtarìgì kì í sábà sá ju méjì lọ lọ́dún, wọ́n á sì fi ọ̀pọ̀ oṣù múra fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí inú bá run wọ́n lọ́jọ́ náà, owó oṣù mẹ́fà ti lọ nìyẹn.

Ryan Hall ará Amẹ́ríkà sá máratọ́ọ̀nù Boston ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 58 ní 2011. Nígbà tó fi máa di January 2016, ara kò gbà á mọ́, ó fẹ̀yìn tì lẹ́ni ọdún 33. Haile Gebrselassie ti Etiópíà náà kéde ìfẹ̀yìntì ní New York ní November 2010, lẹ́yìn tí orúnkún dá a dúró lójú ọ̀nà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi yí ọ̀rọ̀ náà padà, ó sì ń bá a lọ títí di 2015. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi omijé ọjọ́ kan pinnu.

Ti Eliud Kipchoge ará Kẹ́ńyà ló yẹ ká dúró lé. Ó gba góòlù àgbáyé ní 5,000 mítà ní Paris ní 2003, lọ́mọ ọdún 18. Ní 2012, wọn kò mú un lọ sí Òlíńpíìkì London. Dípò kó jókòó sọkún, ó bọ́ sídìí máratọ́ọ̀nù lọ́dún kejì, ó sì gba góòlù Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀mejì, ní Rio àti Tokyo. Kóòṣì kan ṣoṣo, Patrick Sang, ló ń tọ́ ọ láti kékeré. Ní ibùdó wọn ní Kaptagat, òun náà máa ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tó bá kàn án, ó sì ń kọ ohun tó ṣe lójúmọ́ sínú ìwé. Ó máa ń sọ pé òun kì í lo agbára òun tán nídìí ìgbáradì. A gbà pé inú iṣẹ́ ilé yẹn gan-an ni àṣírí rẹ̀ wà: ọwọ́ tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í jẹ́ kí orí gbà pé eré nìkan ni òun.

Ní August 2024, nínú máratọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì ní Paris yẹn kan náà, ẹ̀yìn dùn ún, ó dá eré dúró lẹ́yìn 30 kìlómítà. Ó ń rìn lọ, ó bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, ó kó wọn fún àwọn èrò ẹ̀bá títì. Síbẹ̀, ní April 2025, lẹ́ni 40 ọdún, ó ṣe ipò kẹfà ní London.