Orúkọ Keje

Ṣàṣà ni ẹni tí kò sí nínú gúrúùpù WhatsApp àwọn tí wọ́n jọ ṣe iléèwé nínú àwa tí à ń ka ìwé yìí. Ẹnì kan á kàn ju fọ́tò àtijọ́ sílẹ̀, ariwo á sì ta: "Ta nìyẹn tó dúró lẹ́yìn yẹn?" "Àbí ọmọ tíṣà nì, tí wọ́n kó lọ sí Ìlọrin!" Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti wá a kàn ní Kánádà. Ọwọ́ wa ti yá jù. Ìyẹn ló jẹ́ ká fẹ́ rántí àwọn ọmọ iléèwé kan tí àwárí tiwọn gbà tó àádọ́rin ọdún.

Chefoo ni wọ́n ń pe iléèwé náà. Àwọn míṣọ́nnárì China Inland Mission ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1881 ní etí òkun Yantai, ní agbègbè Shandong, nílẹ̀ Ṣáínà. Àwọn ọmọ òyìnbó ló wà fún. Bí bàbá àti ìyá bá ń wàásù ní ìgbèríko tó jìnnà, Chefoo ni wọ́n á fi ọmọ sí, ó sì lè pẹ́ gan-an kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn. Henry Luce tó wà lára àwọn tó dá ìwé ìròyìn Time sílẹ̀ kàwé níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni òǹkọ̀wé Thornton Wilder. Ṣáínà lẹsẹ̀ àwọn ọmọ yìí wà lóòótọ́, àmọ́ ìlú òyìnbó ni wọ́n ń múra ọkàn wọn sílẹ̀ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, ogun Jàpáànù dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Mary Taylor nígbà yẹn. Bàbá bàbá bàbá rẹ̀, Hudson Taylor, ló dá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì yẹn sílẹ̀. Òun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àtàwọn arákùnrin rẹ̀ méjì ló jọ wà ní Chefoo. Àwọn òbí wọn wà lọ́nà jíjìn, ogun sì ti dínà. Odindi ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ ni wọn ò fi rí bàbá, wọn ò rí ìyá.

Lọ́dún 1943 ni wọ́n kó gbogbo iléèwé náà, tíṣà tọmọ, lọ sí Weihsien, ọgbà míṣọ́n àtijọ́ kan tí àwọn Jàpáànù ti sọ di àgọ́ ìhámọ́. Nǹkan bí 1,500 èèyàn ló há síbẹ̀. Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé iléèwé ò dúró. Inú ìhámọ́ náà ni àwọn àgbà nínú àwọn ọmọ ti jókòó ṣe ìdánwò Oxford. Inú agolo lọmọ ti ń jẹun, àmọ́ tíṣà á ní kó nàró, kó má fi oúnjẹ sẹ́nu sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni pé ààfin ọba Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń jẹun. Nígbà tí wọn ò rí ohun tó ń mú eegun le jẹ, àwọn dókítà ní kí wọ́n lọ èèpo ẹyin kúnná. Ṣíbí ṣíbí ni àwọn ọmọ fi ń gbé e mì. Ẹ bá wa rò ó wò.

Eric Liddell, ẹni tó gba góòlù eré sísá 400 mítà ní Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 1924, wà níhìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì, ó sì ń bá wọn ṣeré ìdárayá. Ibẹ̀ ló kú sí, ní oṣù Kejì ọdún 1945. Oṣù mẹ́fà péré ló kù.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ, Mary dùbúlẹ̀, inú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ló bá gbọ́ ìró bàálù. Ọkùnrin méje fi páráṣúùtì já wálẹ̀ sínú oko ọkà bàbà lẹ́yìn odi. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ò wojú sójà, wọ́n ya gba ẹnubodè jáde, ẹlòmíì ò tiẹ̀ wọ bàtà. Ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́fà ni, pẹ̀lú ògbufọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Ṣáínà. Ọ̀kan nínú wọn, Jim Moore, ọmọ míṣọ́nnárì ni, Chefoo gan-an ló ti kàwé! Ó já bọ́ láti ojú ọ̀run wá kó iléèwé rẹ̀ yọ. Òmíì ni Tad Nagaki, ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ ti Jàpáànù wá, tó ti jagun ní Bọ́mà, níbi tí àwọn bàbá àgbà tiwa náà ti jà. Lákòókò tó ń fẹ̀mí ara rẹ̀ wewu yìí, ìjọba Amẹ́ríkà ti kó nǹkan bí 120,000 èèyàn ẹ̀yà rẹ̀ sí àgọ́ ìhámọ́ tiwọn.

Gbogbo wọn túká lẹ́yìn ogun. Mary padà sí Amẹ́ríkà, ó ṣe tíṣà, lẹ́yìn náà ló wá di ọ̀gá ilé ìtọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba tì mọ́lé ní New Jersey. Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ní kékeré ni kọ́kọ́rọ́ wá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1997, wọ́n pè é síbi ìpàdé àwọn sójà àtijọ́ tó jà ní Ṣáínà, Bọ́mà àti Íńdíà. Ó dúró, ó ka orúkọ àwọn olùdáǹdè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ṣé ọ̀kan nínú wọn wà níbẹ̀. Wọ́n dákẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Àmọ́ wọ́n bá a wá wọn. Láàárín ìgbà díẹ̀, ó ti rí opó méjì àti ọkùnrin mẹ́rin tó ṣì wà láàyè: Nagaki ń dáko ní Nebraska, Moore wà ní Dallas, Stanley Staiger wà ní Reno, Jim Hannon wà ní California. Mary ò fi fóònù mọ. Ó wọkọ̀, ó wọ bàálù, ó lọ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan láti dúpẹ́.

Ó wá ku ẹnì keje. Eddie Wang ni wọ́n ń pè é. Wang Chenghan lorúkọ rẹ̀. Kí ló dé tí tiẹ̀ fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Àwa ò rò pé Mary gbàgbé rẹ̀. Àwọn mẹ́fà yòókù ní orúkọ nínú ìwé ìjọba Amẹ́ríkà, wọ́n lẹ́gbẹ́, wọ́n sì ní nọ́ńbà fóònù. Ẹni tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ló rọrùn láti wá. Lẹ́yìn 1949, Ṣáínà àti Amẹ́ríkà dìjà, ó di 1979 kí àjọṣe ìjọba méjèèjì tó padà bọ̀ sípò. Ta ló máa fẹ́ kéde láàárín ìgbà yẹn pé òun ti bá sójà Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ rí? Ká má sì parọ́ fúnra wa: iléèwé tó gbé ilẹ̀ Ṣáínà fún ìgbà pípẹ́ yìí, èèyàn tó ní ilẹ̀ náà ni wọ́n rí kẹ́yìn.

Ọdún 2015 ni ìròyìn rẹ̀ tó jáde, ó wà láàyè ní Guiyang, ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Mary fúnra rẹ̀ ti kọjá ọgọ́rin. Fóònù wà, ó sì lè fi fídíò kí i láti inú yàrá rẹ̀. Lọ́dún 2016, ó tún di ẹrù, ó wọ bàálù lọ sí Ṣáínà.