Lẹ́tà Irọ́ láti Detroit

Ní 1963, Bobby Bare gbé orin kan jáde tó ń jẹ́ “Detroit City”. Danny Dill àti Mel Tillis ló kọ ọ́. Billy Grammer ti kọ́kọ́ kọ ọ́ lórin, àmọ́ ti Bare ló tàn ká, ó sì gba Grammy ní 1964.

Oko òwú ní gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú orin náà ti wá. Ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù ló gbé e dé Detroit. Lọ́sàn-án, ó ń to mọ́tò. Lálẹ́, ilé ọtí ló ń gbà kiri. Àwọn ará ilé ń ka lẹ́tà rẹ̀, wọ́n rò pé ọmọ àwọn ti di ńlá. Irọ́ ni o.

Kí ló gbé irú wọn débẹ̀? Owó ni. Ní 1914, Ford kéde dọ́là 5 fún iṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́, bí ìlọ́po méjì ohun tó ń san tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń já òwú àti àwọn tó ń wa èédú. Láti Alabama, Tennessee àti Kentucky, funfun àti dúdú, wọ́n kọrí sí àríwá.

Ṣùgbọ́n Detroit náà ti ń yí padà. Packard, tó ti wà níbẹ̀ láti 1903, ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ pa ní 1956. Àwọn mìíràn ń kó iṣẹ́ kúrò nínú ìlú. Ẹ̀rọ tó lé wọn lóko tún wá bá wọn ní ìlú.

Kí wá ló dé tí ìròyìn ayọ̀ ò dáwọ́ dúró? Àwa tá a ń kọ kóòdù mọ irú ẹ̀: iná àwọ̀ ewé ń tàn lójú kọ̀ǹpútà pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ server ti kú lẹ́yìn. Lójú tiwa, ìpalára lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í mọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Àbúrò tó kà á nílé náà á di ẹrù ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ránṣẹ́ sílé láti ìdálẹ̀, ẹ gbọ́ ìparí orin yìí dáadáa. Ọkùnrin náà ní òun máa gbé ìgbéraga òun sórí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí gúúsù, òun á padà sílé. Àmọ́ orin parí, kò tíì lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e wá ṣì lè gbé e padà láìgba kọ́bọ̀. Owó ọkọ̀ kọ́ ló dá a dúró. Ìtìjú ni.