Àjọbí àti àjọgbé: Ohun tí GRA Ìlọrin ń kọ́ wa nípa ìgbékalẹ̀ àwùjọ

Ẹni tí ó bá gba Òpópónà Ahmadu Bello kọjá ní GRA, Ìlọrin, yóò rí Ilé Ìjọba, yóò rí Kwara Hotel, yóò sì rí àwọn ilé tí ọgbà yí ká. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé kí ni GRA gan-an, ìdáhùn lè má yá bọ̀rọ̀. Kì í ṣe ilé, nítorí ilé tí ó dára ju ti ibẹ̀ lọ wà níbòmíràn tí ẹnikẹ́ni kò pè ní GRA. Kì í ṣe ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí orúkọ náà tó dé. Òfin ni ó sọ ibẹ̀ di GRA, àti gbígbà tí àwọn ènìyàn gba òfin náà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ìgbékalẹ̀ àwùjọ: ètò tí àwọn ènìyàn fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láàárín ara wọn, tí ó sì ń bá a lọ lẹ́yìn tí àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ti kú. Ìgbéyàwó, ọjà, oyè àti ilé ẹjọ́ wà lára wọn.

Ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá

Ìjọba amúnisìn ni ó bí GRA. Ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Nígbà tí ó di 1900, ìlú náà bọ́ sábẹ́ ìjọba òyìnbó ní Àríwá Nàìjíríà. Lugard, tí ó jẹ́ gómìnà àgbà Nàìjíríà láti 1914 sí 1919, ṣe ìlànà pé kí àdúgbò àwọn òyìnbó jìnnà sí ti àwọn ọmọ onílẹ̀, kí ilẹ̀ òfìfo tí ó fẹ̀ tó 440 yáàdì sì wà láàárín wọn. Àlàyé wọn ni pé ẹ̀fọn ń gbé ibà láti ara àwọn ọmọ dúdú lọ sára òyìnbó. Síbẹ̀, wọ́n gba ọmọ ọ̀dọ̀ láàyè láti sùn ní bọ́ìsì-kọ́tà lẹ́yìn ilé, bí ẹni pé ẹ̀fọn kì í dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira ní 1960, àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bọ́ sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní 1967 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Kwárà lónìí sílẹ̀, tí Ìlọrin sì di olú-ìlú rẹ̀. Ní 1978, òfin ilẹ̀ fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ìwé àṣẹ ìjọba sì di ẹ̀rí pàtàkì fún ẹni tí ó ní ilé. Ògiri lè wà bí ó ti wà. Òfin ni ó ń yí padà.

Ojú wo ni kí a fi wò ó?

Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí bí ó ṣe yẹ kí a ṣe ìwádìí irú nǹkan báyìí. Émile Durkheim, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ ní 1895 pé kí a wo ohun tí ó jẹ mọ́ àwùjọ bí ẹni ń wo òkúta, láti ìta. Max Weber, ará Jámánì, ní tirẹ̀ sọ pé bí a kò bá mọ ìtumọ̀ tí àwọn ènìyàn fún ìṣe wọn, a kò tíì mọ nǹkan kan. Ní 1995, John Searle ará Amẹ́ríkà fi kún un pé àwọn nǹkan kan wà tí ó jẹ́ pé gbígbà tí a gbà wọ́n nìkan ni ó mú wọn wà. Owó jẹ́ àpẹẹrẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kọ náírà àtijọ́, kódà lẹ́yìn tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ní 3 Oṣù Kẹta pé ó ṣì jẹ́ owó. Bébà náà kò yí padà. Ìgbàgbọ́ ni ó yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tiwa

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinsola Akiwowo, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, fi ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì ṣe irinṣẹ́ ìwádìí nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1983: àjọbí, èyí tí ẹ̀jẹ̀ so pọ̀, àti àjọgbé, èyí tí ibùgbé so pọ̀. Ìlọrin gan-an ni ibi tí a ti lè dán ọ̀rọ̀ méjèèjì wò. Ní ayé Àfọ̀njá àti Àlímì, Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Núpé àti Kànúrí pàdé níbẹ̀. Wọ́n jọ gbé, wọ́n jọ kírun, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, títí Yorùbá fi di èdè gbogbo wọn. Oyè Balógun mẹ́rin, ti Àjíkòbí, Àlánámú, Gàmbàrí àti Fúlàní, ṣì ń rántí orísun wọn. Àríyànjiyàn lórí oyè àti ìtàn kò tán, ṣùgbọ́n àjọgbé ti bí àjọbí.

Ti GRA yàtọ̀. Iṣẹ́ àti ìwé àṣẹ ni ó kó àwọn aládùúgbò jọ. A kì í fẹ̀yìn tì kúrò ní agbo ilé, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó bá fẹ̀yìn tì gbọ́dọ̀ kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ilé ìjọba.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni iṣẹ́ Akiwowo tẹ́ lọ́rùn. Moses Makinde yẹ̀ ẹ́ wò ní 1988. Ní 1990, Olatunde Lawuyi àti Olúfẹ́mi Táíwò fèsì fún àwọn méjèèjì pé kò tó kí ọ̀rọ̀ jẹ́ tiwa, ó gbọ́dọ̀ ṣe kedere. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni àjọbí ni, àbí ìwà? Ìlọrin fi hàn pé ìwà lè di ẹ̀jẹ̀.

Kí ni èrè gbogbo èyí fún wa? Nígbà tí ilé ìwé tàbí ilé ẹjọ́ wa bá bàjẹ́, ọ̀dà ni a sábà máa ń kùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òfin àti ìgbàgbọ́ ni ó gbé e ró, ibẹ̀ ni àtúnṣe gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọgbà GRA, bí ó ti wù kí ó ga tó, kò lè dí hẹ̀rẹ̀huru lọ́nà.