Ìjókòó Márùn-ún Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: Ìtàn Ìdìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ọ̀ṣun

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Gbọ̀ngán wọ Òṣogbo, yóò kan Àbẹ̀rẹ̀ kó tó wọ ìgboro. Ibẹ̀ ni Bísí Àkàndé kọ́ sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sí nígbà tó ń ṣe gómìnà, ọ́fíìsì gómìnà tó wà níbẹ̀ sì ń jẹ́ Ilé Bọ́lá Ìgè. Ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ni Bọ́lá Ìgè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun. Orúkọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló wà lára ilé tí àṣẹ ti ń jáde. Ṣùgbọ́n àwọn tí Ìjẹ̀ṣà fi ìbò rán wá sí Òṣogbo láti máa yẹ àṣẹ náà wò, mélòó nínú wa ló lè dárúkọ wọn? Èyí ló mú mi tọpa ìtàn àwọn ìjókòó wọ̀nyí.

Márùn-ún ni wọ́n. Ìlà-Oòrùn Iléṣà ní ọ̀kan, Ìwọ̀-Oòrùn Iléṣà ní ọ̀kan, Obòkun ní tirẹ̀, Oríadé náà ní tirẹ̀. Àtàkúnmọ́sà Ìlà-Oòrùn àti Àtàkúnmọ́sà Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n so pọ̀ sórí ìjókòó kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ méjì ni wọ́n, tí ọ̀kan ń jókòó sí Ìpẹ̀rìndó, tí èkejì ń jókòó sí Òṣú. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, aṣòfin márùn-ún. Irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ wà níbòmíràn ní Ọ̀ṣun: Irẹ́pọ̀dùn pẹ̀lú Orólú, Bórípé pẹ̀lú Bólúwadúró, Irewọlé pẹ̀lú Ìsọ̀kan. Bí ọgbọ̀n ìjọba ìbílẹ̀ ṣe di aṣòfin 26 nìyẹn.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sì sọ pé iye aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin iye aṣojú tí ìpínlẹ̀ náà ní nílé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá, kó má dín ní 24, kó má ju 40 lọ. Mẹ́sàn-án ni Ọ̀ṣun ní l'Ábújá. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́ta, 27 ni. Ìjókòó kan tó kù yẹn, èmi ò rí ìdí tí Àtàkúnmọ́sà kò fi lè béèrè rẹ̀.

Kí Ọ̀ṣun tó wà, Ìbàdàn ni aṣojú Ìjẹ̀ṣà ń lọ. Ní ọdún 1951, nígbà tí ará ìlú ṣì ń yan àwọn tí yóò bá wọn yan aṣòfin, Joseph Ọdẹ́lẹ́yẹ Fádáhùnsi, oníṣòwò ọmọ Iléṣà, wọ Ilé Aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ ẹgbẹ́ NCNC, ẹgbẹ́ alákùkọ. Ẹni tí kò mọ ìtàn yóò rò pé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló bá Awólọ́wọ̀ lọ láyé ìgbà náà. Rárá o. Alákùkọ ni Iléṣà, bẹ́ẹ̀ náà ni Òṣogbo. Nígbà ìdìbò ọdún 1956, ìjókòó 48 ni ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ ní, alákùkọ ní 32. Ìlú bíi Iléṣà wà lára ohun tó mú kí alátakò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Fádáhùnsi fúnra rẹ̀ di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn láti 1963 títí àwọn ọmọ ogun fi gbàjọba ní Oṣù Kìíní 1966. Ìdìbò Oṣù Kẹwàá 1965 tó ṣáájú ìyẹn, rògbòdìyàn wètìẹ̀ ló bí. Ìlú tí wọ́n bá jí ìbò rẹ̀ kì í tètè gbàgbé, àwọn àgbà wa tó rí i ṣì ń sọ ọ́.

Ọdún mẹ́tàlá kọjá kí ìdìbò tó tún wáyé. Lọ́dún 1979, Bọ́lá Ìgè di gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí Ìjẹ̀ṣà wà nínú rẹ̀, lábẹ́ UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀. Aṣòfin 126 ló wà ní Ìbàdàn nígbà náà, UPN ló ní 117, NPN ní mẹ́sàn-án. Ilẹ̀ alákùkọ àná ti di ilẹ̀ Awólọ́wọ̀. Lọ́dún 1983, wọ́n ní NPN ló wọlé, Ọmọlolú Olúnlọ́yọ̀ ṣe gómìnà fún oṣù mẹ́ta péré, ológun tún dé.

Ọjọ́ 27 Oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ísíákà Adélékè ti SDP wọlé bíi gómìnà ní Oṣù Kìíní 1992, ilé aṣòfin àkọ́kọ́ sì jókòó ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n wọn kò pé ọdún méjì tí Abacha fi lé gbogbo wọn sílé ní Oṣù Kọkànlá 1993.

Lọ́dún 1999, AD ló gba Ọ̀ṣun, Àkàndé di gómìnà. Ilé aṣòfin ìgbà náà ló fi hàn pé aṣòfin ìpínlẹ̀ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ: ní Oṣù Kejìlá 2002, wọ́n yọ igbákejì gómìnà, Ìyíọlá Òmíṣorè, nípò. Mojeed Àlàbí ni Abẹnugan. Ọdún tó tẹ̀ lé e, PDP borí. Ọjọ́ 19 Oṣù Kẹrin 2003 ni wọ́n dìbò gómìnà, ọjọ́ 3 Oṣù Karùn-ún ni wọ́n dìbò aṣòfin. Ọ̀sẹ̀ méjì ló wà láàárín. Àwọn èèyàn ti mọ̀ pé Ọlágúnsóyè Oyinlọlá ló ń bọ̀ kí wọ́n tó padà sí ibùdó ìdìbò láti yan aṣòfin. PDP ló gba ilé náà pẹ̀lú.

Ohun tó wá yí ìtàn yìí padà pátápátá, kóòtù ló ti wá. Raúf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọmọ Iléṣà, pe èsì ìdìbò gómìnà ọdún 2007 lẹ́jọ́. Ó lé ní ọdún mẹ́ta kí Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ní Ìbàdàn tó dá a láre, ní ọjọ́ 26 Oṣù Kọkànlá 2010. Ọjọ́ kejì ló búra. Nítorí pé ọjọ́ yẹn ni ọdún mẹ́rin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun já kúrò nínú ti gbogbo orílẹ̀-èdè, kò sì tíì padà títí dòní. Ti aṣòfin kò kúrò níbi tó wà. Láti ìgbà náà, a ó yan gómìnà, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni a ó tó yan àwọn tí yóò máa ṣọ́ ọ.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí Arẹ́gbẹ́ṣọlá búra, ẹgbẹ́ rẹ̀, ACN, kó gbogbo ìjókòó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Lọ́dún 2018, ìdìbò gómìnà le débi pé wọ́n tún un dì ní ibùdó méje. Gbóyèga Oyètọ́lá ti APC ní 255,505, Adémọ́lá Adélékè ti PDP ní 255,023. Ìbò 482 ló wà láàárín wọn. Ìpínlẹ̀ tó pín sí méjì báyìí, tó bá di oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó yẹ kí ilé aṣòfin rẹ̀ pín díẹ̀. Kò pín. Ní ọjọ́ 9 Oṣù Kẹta 2019, APC gba 23, PDP gba mẹ́ta. Timothy Owoeye, aṣòfin Ìlà-Oòrùn Iléṣà, ló di Abẹnugan.

Lọ́dún 2022, Adélékè fi ìbò 28,344 ṣíwájú Oyètọ́lá. Ní Oṣù Kejì 2023, nígbà ìdìbò ààrẹ, PDP ní 354,366 ní Ọ̀ṣun, APC ní 343,945; APC ò jìnnà rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni ìdìbò aṣòfin, PDP gba 25 nínú 26. Àga Abẹnugan kúrò ní Iléṣà, ó bọ́ sọ́wọ́ Adéwálé Egbedun ti Odò-Ọ̀tìn.

Ọ̀nà tí a gbà ń dìbò dá kún bí ilé náà ṣe ń tẹ̀ sápá kan: ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ẹni tó fi ìbò kan ṣíwájú ló kó gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́. Ní ìdájọ́ tèmi, Àbẹ̀rẹ̀ ni olùdìbò ń wò kó tó tẹ̀ka. Ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀ ló ní ọ̀nà, ló ní owó oṣù, ló ní iṣẹ́ tí yóò fún ọmọ ẹni. Aṣòfin tó sì wọlé nítorí gómìnà, gómìnà ni yóò máa wojú.

Ìgbà kan ṣoṣo tí ilé náà ń dá dúró ni àwọn oṣù tó wà láàárín ìbúra gómìnà tuntun àti ìwọlé àwọn aṣòfin tuntun. Láti Oṣù Kọkànlá 2022 títí di Oṣù Kẹfà 2023, gómìnà PDP bá ilé tí APC pọ̀ jù níbẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ilé tuntun wọlé tán, ní Oṣù Keje 2023, ni Adélékè tó ní kọmíṣọ́nnà. Ará ìlú ló jẹ ìyà ìdádúró yẹn.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, àwọn baba wa tó ń ta aṣọ láwìn kiri kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Wọ́n á lóṣòó títí owó yóò fi pé, ohun tí wọ́n fi ń pè wá ní òṣómàáló nìyẹn. Àwọn márùn-ún tó wà ní Òṣogbo jẹ yín ní gbèsè. Ẹ mọ orúkọ aṣòfin ẹkùn yín, ẹ bi í léèrè òfin tó dá àti ìbéèrè tó bi gómìnà, kí ẹ tó tún tẹ̀ka fún un lọ́dún 2027.