Fọ́mátì

Ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò ṣí, 'Ẹ bá mi fọ́mátì ẹ̀' ló máa ń yá wa lẹ́nu. Ìtumọ̀ méjì ni fọ́mátì ní: ìlànà tí a fi to ìwé tàbí fáìlì, àti pípa ohun tó wà lórí dísìkì rẹ́ láti tún un tò. Àtúnṣe kọ́ ni èkejì yìí. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní Windows àti Linux, bí Windows bá gba ipò GRUB, aṣọ́bodè tó ń bèèrè èwo la fẹ́ ṣí nínú méjèèjì, fáìlì ẹni ṣì wà níbẹ̀. Fláàṣì Linux àti àṣẹ grub-install ló máa ń dá GRUB padà. Àpẹẹrẹ: 'Mi ò fọ́mátì ẹ̀; GRUB rẹ̀ ni mo tún ṣe.' Bí oníbodè bá sùn, a kì í torí ẹ̀ wó agboolé.